Orúkọ Tí Mo Kọ Síwájú Nọ́ńbà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Wọ́n kó gbogbo wa jọ láàárọ̀ yìí síwájú ilé ìjẹun mi. Mo pè é ní tèmi — ẹni tó bá ti dáná níbì kan fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní tiẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ike ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, àwọn tó ń di ẹrù, àwọn tó ń gbálẹ̀. Ọ̀gá Àgbà gun orí àpótí, ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi mú wa lórí. Ó ní ìlera òṣìṣẹ́ ni ìlera ilé iṣẹ́. Ó ní láti òní lọ, Ètò Ara Líle ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀. Yóò wọn bí kálukú ṣe wúwo tó, yóò gún wa níka láti mọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn náà, ilé ìdáná — èmi nìyẹn — yóò máa se oúnjẹ tó bá ara kálukú mu. Iyọ̀ díẹ̀, òróró díẹ̀, ẹ̀fọ́ púpọ̀, èso dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Rédíò sọ sí mi létí pé kí wọ́n ti orí ikùn Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀. Rédíò ni obìnrin tó ń bá mi dáná. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un. Ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi náà.

Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi: inú mi dùn. Ó pẹ́ tí mo ti ń pariwo pé òróró tí wọ́n ń ní kí n dà sínú ọbẹ̀ yìí ti pọ̀ jù. Mo sì ń ro ti Àbíkẹ́yìn. Àbúrò mi ni, ọmọ tí ìyá wa fi pa ìdí ọmọ dé, ẹ̀rọ kẹta ló ń tọ́jú. Láti ìgbà òjò tó kọjá ló ti ń mu omi bí ẹni tó gbé iyọ̀ mì, tó sì ń lọ tọ̀ ṣáá. Ó ní ooru ẹ̀rọ ni. Ooru ẹ̀rọ kọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá wa nìyẹn, a sì ti sin bàbá wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Nọ́ọ̀sì dé. Ọmọdé ni, ó tó ọmọ tí mo lè bí. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Abẹ́rẹ́. Bó ṣe tinrín náà nìyẹn.

Ó jókòó sórí àpótí mi nílé ìdáná, ó là á yé mi. Kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé tó ń lọ sí ọ́fíìsì. Káàdì ni yóò fún kálukú, nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀. Ọ́fíìsì á rí i pé nọ́ńbà báyìí ní àtọ̀gbẹ, nọ́ńbà báyìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́. Wọn ò ní mọ ẹni tó ni ín. Ìwé orúkọ wà nínú àpótí onírin tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fà á yọ kí n fojú ara mi rí i.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo bu ẹ̀wà fún un, kò jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó wá kọ́ wa ní oúnjẹ jíjẹ!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọjọ́ mẹ́ta, ènìyàn mẹ́rin péré. Nínú igba òṣìṣẹ́. Abẹ́rẹ́ jókòó ti òṣùwọ̀n rẹ̀ bí ẹni tó pàtẹ ọjà níbi tí èrò kì í gbà kọjá.

Kì í ṣe gígún níka ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọkùnrin tó ń wúkọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ta ni kò mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà lé e? Wọ́n wá ń bi mí lójú fèrèsé tí mo ti ń bu oúnjẹ: ṣé kí àwọn lọ? Èmi ni wọ́n bi. Ẹni tó ń bọ́ni kì í parọ́ fúnni, bóyá ohun tí wọ́n ń rò nìyẹn.

Mo bọ́ aṣọ ìdáná, mo lọ. Káàdì karùn-ún ni tèmi. Abẹ́rẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé ó ga gan-an ni. Mo ní báwo ni kò ṣe ní ru, ṣé kò tíì pàdé Rédíò ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi lóògùn. Mo padà sójú fèrèsé, mo gbé káàdì mi sókè kí gbogbo wọn rí i. Mo ní ẹ lọ, gígún rẹ̀ ò dunni, orúkọ yín ò ní kúrò lọ́dọ̀ ọmọ yìí. Ìyá Ìdìpọ̀ — òun ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin tó ń di ẹrù — ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní bí mo bá ti lọ, òun náà á lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn méjìdínlógójì ti gba káàdì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Àbíkẹ́yìn ò lọ.

Mo lọ bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kẹta nígbà ìsinmi. Ó ní òun mọ ohun tí mo ń rò, pé òun náà ń rò ó. Ó ní ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ara òun ò dá, ṣé wọ́n á jẹ́ kí òun máa tọ́jú ẹ̀rọ tó gbóná báyẹn? Ọmọ mẹ́rin, èyí àbígbẹ̀yìn ò tíì rìn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa bá àìmọ̀ òun lọ.

Mo fi ìyá wa búra fún un. Mo ní orúkọ rẹ̀ ò ní dé ọ́fíìsì. Mo kọ ọ́ síbí kí n má gbàgbé bí mo ṣe sọ ọ́: mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo fi kan àyà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó lọ. Káàdì kọkànlélógójì. Ṣúgà rẹ̀ ga débi pé Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀kejì, ó rò pé ẹ̀rọ òun ló bàjẹ́. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé ó tètè wá, pé oògùn àti oúnjẹ á kápá rẹ̀, pé bó bá jẹ́ oṣù mẹ́fà sí i ni, gígé ẹsẹ̀ ni à bá máa sọ.

Mo lọ sunkún nínú yàrá ìkóoúnjẹ, láàárín àpò ẹ̀wà. Ẹkún ọpẹ́ ni. Rédíò kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé mo ń sùn ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Làásìgbò! Abẹ́rẹ́ fún wa ní ìwé kan: nọ́ńbà báyìí, má fi iyọ̀ sí i, nọ́ńbà báyìí, ìrẹsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, nọ́ńbà báyìí, ẹ̀fọ́ àti ẹja nìkan. Ó dára lórí ìwé. Lójú fèrèsé ńkọ́? Èyí gbàgbé káàdì sílé. Tọ̀hún di tiẹ̀ mú lódì. Rédíò gbé oúnjẹ nọ́ńbà kẹrìnlá fún nọ́ńbà kọkànlélógójì, ó ní ṣebí mẹ́rin àti ọ̀kan náà ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ jẹ iyọ̀. Àbíkẹ́yìn gba àwo ìrẹsì tó ga bí òkìtì, ó sì jẹ ẹ́, ọ̀dàlẹ̀ ikùn.

Inú bí mi. Èmi tí mo mọ àwo gbogbo wọn! Mo mọ ẹni tó fẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo mọ ẹni tí kì í jẹ orí ẹja, mo mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe? Mo ya ìwé kan, mo kọ orúkọ síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pátá, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkóoúnjẹ, nínú lọ́hùn-ún. Èmi àti Rédíò nìkan ló ń wọ ibẹ̀.

Ọ̀sán òní, kò sí àwo kan tó ṣìnà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àbíkẹ́yìn ní mo fẹ́ sọ òun di ewúrẹ́, ewé lọ́tùn-ún, ewé lósì. Ó jẹ ẹ́ tán. Ife omi méjì péré ló mu láti àárọ̀ — mo kà á. Abẹ́rẹ́ ní ṣúgà ti ń wálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ń ṣàdúrà fún mi títí owó inú fóònù fi tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Jẹ́jẹ́ wá kí mi. Mo gbọ́dọ̀ kọ nípa Jẹ́jẹ́, n kò tíì kọ ọ́ rí.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé iṣẹ́ yìí, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ni, ẹ̀wù kan ṣoṣo, tó máa ń fọ̀ ní Sátidé. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni mo máa ń fi pamọ́ fún un. Kì í béèrè. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á máa wo ilẹ̀. Ó kàwé mọ́ iṣẹ́, ó yege, ó ga. Òun ló ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ báyìí, òun ló ń gbani, òun ló ń dáni dúró. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn náà ló ṣì máa ń gbà wọlé. Màmá ló ń pè mí. Kì í gbóhùn sókè, ìyẹn ni mo ṣe ń pè é ní Jẹ́jẹ́.

Ó ní Ọ̀gá Àgbà ti gbà kí wọ́n máa ra ẹja tútù àti èso lákànṣe fún àwọn tí ara wọn ò le. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ kí ni, kí wọ́n má baà ra èyí tí kò tó. Mo ní ìwé wà, àmọ́ orúkọ wà nínú rẹ̀, Abẹ́rẹ́ ò sì fẹ́ orúkọ. Ó wò mí. Ó ní:

"Màmá, ṣé èmi náà ti di ẹni tí ẹ ń pa nǹkan mọ́ fún?"

Ojú tì mí. Ojú tì mí gan-an ni. Mo ní kí ló ń sọ yẹn, ọmọ mi. Mo jókòó, mo dà á kọ sínú ìwé tó mọ́, mo fi rúlà fà á, orúkọ lápá kan, nọ́ńbà lápá kejì. Ó jẹ ẹyin sísè méjì níbi tó ti ń dúró dè mí. Ó ní kò sí ọwọ́ bí ọwọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ẹja dé. Tútù yọ̀yọ̀, pẹ̀lú àpótí èso mẹ́fà. Jẹ́jẹ́ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mú ọ̀rọ̀ ṣẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

N kò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ènìyàn mẹ́sàn-án gba lẹ́tà. Wọ́n pè wọ́n wọlé sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìdìpọ̀ gbé tirẹ̀ wá sójú fèrèsé kí n bá òun kà á, ó ní ojú òun ń ṣú. "Nítorí ìlera yín tó jẹ wá lógún, a fẹ́ kí ẹ lọ sinmi. Iṣẹ́ yín lọ́dọ̀ wa yóò dópin ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Sinmi kí n jẹ kí ni?" Mo ká lẹ́tà náà padà fún un.

Àbíkẹ́yìn wà nínú wọn.

Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí ara wọn ò le jù nìyẹn. Kò sí ẹni tí kò rí i. Ariwo sọ. Wọ́n ní Abẹ́rẹ́ ti tà wọ́n. Rédíò ní òun ti ń wò ó pé ọmọ tí kì í jẹun tán kì í ṣe èèyàn dáadáa. Mo lọ bá a nínú yàrá rẹ̀, mo sì sọ ọ̀rọ̀ sí i tí n kò lè kọ síhìn-ín. Mo ní ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ń mi orí, ó ń mi orí, ó di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú. Mo ní irú ìwọ kọ́ ló yẹ kó máa tọ́jú aláìsàn.

Mo fi ìyá wa búra. Mo fi ìyá wa búra fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Àbíkẹ́yìn ò wá gba oúnjẹ. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́hùn-ún, ó ń jẹ búrẹ́dì lásán. Mo gbé àwo lọ bá a. Ó kí mi, ó ní òun ti yó. Ó kí mi bí ẹni pé ọ̀nà ló ti pàdé mi.

Ìbànújẹ́ ni, mo sọ fún ara mi. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi oúnjẹ ṣe.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Abẹ́rẹ́ wọlé wá bá mi kí a tó dáná. Ojú rẹ̀ wú. Ìwé tó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ló mú dání, èyí tó dà kọ pamọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú mi. Nọ́ńbà, ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ńbà, ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí orúkọ kan. Ó ní àpótí òun wà ní títì, kò sẹ́ni tó já a. Ó wá béèrè, kò fi kan mí, ó kàn béèrè ni: ta ló tún mọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan?

N kò mọ ìgbà tí ojú mi lọ sí ilẹ̀kùn yàrá ìkóoúnjẹ.

Ẹja tútù. Ẹyin méjì. Rúlà. Ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ kan, ìwé tèmi lọ́wọ́ kejì — ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á so ó pọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo ní n kò mọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní bóyá àwọn tó ń gbálẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Mo ya èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo jù ú sínú iná. Rédíò ní kí ló dé. Mo ní ó ti dọ̀tí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ bá Jẹ́jẹ́. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo gbà, n kò kan ilẹ̀kùn.

Ó dìde fún mi. Ó fa àga fún mi. N kò jókòó. Mo bi í bóyá ìwé tí mo kọ fún un láti fi ra ẹja ni wọ́n fi lé àbúrò mi. Mo ń retí kó sẹ́. Ó yẹ kó lè sẹ́, nítorí Ọlọ́run. Kò sẹ́. Pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi ń béèrè ọbẹ̀ ló fi sọ ọ́: àṣẹ wá láti òkè, wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù kí ọdún tó parí, wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn tí àìsàn yóò máa dá dúró nílé. Nọ́ńbà ni wọ́n fún un. Ó nílò orúkọ.

Mo ní, ìwọ. Ìwọ tí mo fi ìsàlẹ̀ ìkòkò tọ́. Mo ní ò bá wá sọ fún mi pé orúkọ lo fẹ́, kí n lè kọ̀ ọ́ fún ọ. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kò fi sọ.

Ó wá sọ̀rọ̀ kan. Ó rọra sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀ bíi ti ìgbà yẹn:

"Màmá, mẹ́wàá ni wọ́n. Káàdì karùn-ún wà níbẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́."

Ẹ̀jẹ̀ ríru. Tèmi. Ó ní òun fi san oore ni. Ó ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde, pé bó bá jáde, àwọn ènìyàn á béèrè ìdí tí ẹni tó kọ orúkọ kò fi sí lára àwọn tí wọ́n lé. Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ó ń gbà mí nímọ̀ràn ni, bí ọmọ ṣe ń gba ìyá rẹ̀ nímọ̀ràn.

Ìyẹn ló dùn mí jù. Bó bá jẹ́ ọ̀tá ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀tá jà. Ọmọ yìí fẹ́ràn mi. Ó tà mí, ó rà mí padà, ó sì rò pé mo jẹ òun lọ́pẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n lé Abẹ́rẹ́ lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni. Wọ́n tò síwájú yàrá rẹ̀, wọ́n ń ju káàdì wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò bú u. Ọ̀gá Àgbà ní bí àwọn òṣìṣẹ́ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, òun náà ò fẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kọjá lójú fèrèsé mi. Ó wúwo fún un. Ó kí mi.

Mo ń gé àlùbọ́sà. Ọpẹ́ ni pé àlùbọ́sà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

N kò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Mo lọ sílé Àbíkẹ́yìn lọ́sàn-án. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi wá, ó kó àwọn ọmọ lọ sẹ́yìnkùlé. Kò ṣàdúrà fún mi lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti ilé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí Jẹ́jẹ́, kí ó kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́, kí n tó wá dé orí ara mi. Mo ní àbúrò mi, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ. Ó ń tún ẹsẹ̀ àga kan ṣe. Kò gbójú sókè. Ó ní ìwé náà wà lórí tábìlì Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pe òun wọlé. Pé lẹ́tà ni wọ́n ní kí òun wò, ìwé yẹn ni òun ń wò.

Mo ní báwo lo ṣe mọ̀ pé tèmi ni.

Ó gbójú sókè nígbà yẹn. Ó ní:

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Ṣé mo lè má mọ ọwọ́ yín ni?"

Mo rántí, mo bú sẹ́kún. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, n kò tíì pé mẹ́tàdínlógún, ìyá wa ti lọ sóko. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a kọ ọ́ a pa á rẹ́. Bí mo ṣe ń tẹ ìrù lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ náà padà sẹ́yìn yẹn, òun náà ṣì ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ dòní.

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹja, mo sọ bí Jẹ́jẹ́ ṣe ń pè mí ní Màmá, mo sọ ti káàdì karùn-ún pẹ̀lú, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbọ́ ọ. Ó ní òun mọ̀ pé n kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, pé ta ni kò lè ṣìṣe. Ó ní ohun tó ń dun òun kì í ṣe ìwé. Ọjọ́ keje rè é tí òun ti ń dúró kí n wá sọ fún òun. Pé lójoojúmọ́ ni òun ń jókòó síbi ògiri yẹn, níbi tí n ó ti rí òun, kí n lè wá. Mo wá, àwo oúnjẹ ni mo gbé wá. Ó ní wọ́n lé ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn lójú mi.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún àwọn yòókù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni mí, ta ni òun fẹ́ lọ sọ fún?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ọjọ́ tí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń lọ. Mo sè é dáadáa.

Nígbà tí wọ́n tò tán sójú fèrèsé, n kò bu oúnjẹ. Mo jáde sáàárín wọn pẹ̀lú aṣọ ìdáná lọ́rùn. N kò gun orí àpótí. Mo ní kì í ṣe ọmọ nọ́ọ̀sì ló tà yín. Èmi ni mo kọ orúkọ yín, èmi ni mo fi fún Jẹ́jẹ́. Ó ní ẹja ni òun fẹ́ fi rà, mo gbà á gbọ́. Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀, ó yọ ọ́. Mo ti mọ̀ láti Ọjọ́rú, mo sì dákẹ́. Jẹ́jẹ́ wà nídìí ilẹ̀kùn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Wọn ò bú mi. Rédíò gan-an ò sọ̀rọ̀. Ìyá Ìdìpọ̀ nìkan ló súnmọ́ mi. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ kí wọ́n tó lé ọmọ yẹn." Ó kọjá lọ. Àwọn tó kù tẹ̀lé e. Àwo tí mo tò kalẹ̀ ń tutù lójú mi, igba àwo, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ púpọ̀.

Lẹ́tà mi dé kí aago mẹ́ta tó lù. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà. Nítorí ìlera yín tó jẹ wá lógún. Mo fi ọwọ́ sí i. Mo kó ọ̀bẹ mi àti ìgbákọ mi sínú àpò.

Àbíkẹ́yìn dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, nítorí àbúrò kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gbé ẹrù. Ó ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀lé e. Mo bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọdún pọ̀ tí a ti jọ ń rin ọ̀nà yẹn, n kò gbọ́ "mà" lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí a dé oríta, mo fẹ́ yà sí ọ̀nà ilé rẹ̀, kí n lọ wo bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń se oúnjẹ rẹ̀. Ó dúró. Ó rọra fi àpò náà lé mi lọ́wọ́, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. N kò yà. Mo dúró síbẹ̀ títí n kò fi rí i mọ́.